Ta Ni Ó Ń Jẹ́ Onígbàgbọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún díẹ̀ ni mo fẹ́ sun nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n n kò ní í di ojú mi. Ní ọjọ́ kan tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ń jiyàn lórí ìlú tí ó kọ́kọ́ lajú ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Ẹ̀gbá ẹlẹgbẹ́ mi kan dìde, ó gbé àyà sókè, ó ní: "Àwa ni a kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́. Aké ni ìjọ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ni ẹ tún ń wí?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, a sì bí mi sí ibi tí a ti ń gbọ́ agogo Aké láti orí ẹní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Èdè ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí, ó sì ti di bárakú fún mi láti máa tú ọ̀rọ̀ wò bí ẹni ń tú ẹrù. "Àwa ni a kọ́kọ́ gbà á." Ta ni àwa? Àwọn tí wọ́n gbà á ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n gbà ni ó wà lọ́wọ́ wa, àbí àpótí rẹ̀ nìkan ni a jogún, tí a ń nu ara rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i wò?

Ẹ jẹ́ kí á tú u. Gbà àti gbọ́ ni a so pọ̀ tí ó di gbàgbọ́. Gbígbọ́ ní èdè wa kì í sì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. Bí ìyá kan bá wí pé, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn," kì í ṣe pé etí ọmọ náà di. Ohun tí ó ń wí ni pé ọmọ náà gbọ́ tán, ó sì lọ ṣe ti inú ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun gba Ọlọ́run gbọ́, tí kò sì gbọ́ràn sí I lẹ́nu, ìdajì orúkọ náà ni ó ń jẹ́. Ó ti gbà. Kò tí ì gbọ́. Bí ẹ bá gbà mí láàyè, n ó máa pè é ní Agbà-má-gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni olóòótọ́. Ẹni tí kì í purọ́ ni à ń pè ní olóòótọ́. Ẹni tí kì í da ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ni à ń pè ní olóòótọ́. Èdè Faransé, tí mo ń bá jà lọ́wọ́, ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ń sọ òtítọ́, ó sì ní òmíràn fún ẹni tí kì í dalẹ̀. Bóyá ènìyàn lè fi ọgbọ́n jẹ́ ọ̀kan kí ó má jẹ́ èkejì níbẹ̀. Ní èdè tiwa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó wà fún méjèèjì. O kò lè máa jẹ́ olóòótọ́ sí Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú kí o sì máa purọ́ fún ènìyàn lọ́jọ́ Ajé. Èdè fúnra rẹ̀ kò gbà fún ọ.

Ó ku ẹni tí yóò wí pé, "Akẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ ṣeré." Ó dára. Ṣé ìtàn ni ẹ fẹ́? Mo ní ìtàn, ti ìlú mi sì ni.

Ní oṣù Kejìlá 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọ Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1843 ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. tẹ̀ lé e. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òyìnbó ni ó mú ìgbàgbọ́ wá fún Ẹ̀gbá, ìdajì ìtàn ni ó kà. (Freeman gan-an kì í ṣe òyìnbó tán, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀.) Àwọn Sàró ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, tí ogun kó, tí a tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tí ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Wọ́n bá àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti fi wọ́n sí òkú. Inú àgbọ̀n àti àpótí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ìwé àdúrà àkọ́kọ́ wà ní ìlú wa, ọrùn tí ẹ̀wọ̀n ti bó sì ni ó kọ́kọ́ kọ orin ìyìn lábẹ́ Òlùmọ.

Nínú gbogbo àwọn ènìyàn ìgbà náà, ìyá Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn tí a sì mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fi ojú kàn án, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àlùfáà ni ọmọ náà dà. Bí ó bá ṣe pé ní ayé tiwa yìí ni, ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni a ó ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé ìyá náà lọ́wọ́ kí ó wá jẹ́rìí, àwọn òǹwòran yóò máa ju owó sí i lórí. Ṣùgbọ́n oṣù Kejì 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì di Hannah. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ láàrin ọjọ́ tí ó rí iṣẹ́ ìyanu àti ọjọ́ tí ó jẹ́ orúkọ. Ìyanu ti ṣẹlẹ̀ sí i, síbẹ̀ ìyanu nìkan kò sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Ó ní láti kọ́ ohun tí ó fẹ́ wọ̀, kí ó sì mọ̀ bí ó ti gùn tó.

Bí ìjọ kékeré náà ti ń fẹsẹ̀ tilẹ̀ ni inúnibíni dé ní 1849. A na àwọn onígbàgbọ́, a ti ẹsẹ̀ wọn bọ àbà, a ní kí wọ́n padà sídìí òrìṣà ilé baba wọn. Wọn kò padà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹta 1851, Gezo ọba Dàhómì gbógun dé ẹ̀yìn odi, àwọn tí a ti kan lábà wọ̀nyẹn sì jáde lọ bá ará ìlú wọn jà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá fara mọ́ Ọlọ́run yóò ṣàìfẹ́ ìlú rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá 1867, ọjọ́ tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Ìjà wà láàrin ìjọba Ẹ̀gbá àti Glover ní Èkó, lórí ilẹ̀ àti ọ̀nà àti owó ibodè. Glover jìnnà, kò ṣeé nà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sún mọ́ tòsí. Wọ́n dí ìsìn lọ́wọ́, wọ́n kó ilé àwọn òyìnbó, wọ́n lé wọn jáde nílùú. Ìwé Ìròhìn tí Townsend dá sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, parí sí ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Àwọn mìíràn dúró. Fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ìjọ Abẹ́òkúta wà, láìsí òyìnbó tí yóò dáàbò bò wọ́n, láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí jẹ nínú pé òun jẹ́ onígbàgbọ́. Kí ni wọ́n ń gbàdúrà fún nígbà náà? N kò rò pé wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn ọrọ̀.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ẹlẹgbẹ́ mi tí ó gbé àyà sókè yóò tún gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kò tí ì dé. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo.

Àwọn tí wọ́n fara da àbà, àwọn tí wọ́n fara da Ìfọ́lé, wọ́n ní ẹrú. N kò sọ pé gbogbo wọn. Mo sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, Sàró wà nínú wọn pẹ̀lú, Sàró tí a ti ta òun fúnra rẹ̀ rí! Ó ń bọ̀ láti ilé ìsìn, ìwé orin lábẹ́ abíyá, ọmọ ọlọ́mọ tí ó fi owó rà ní ń gbé àga tẹ̀ lé e. Ẹ sì wo òfin ìjọ nígbà náà: ọkùnrin tí ó ní ìyàwó méjì kò lè ṣe ìrìbọmi, bí ó ti wù kí ó sunkún tó; ẹni tí ó ní ẹrú mẹ́wàá lè ṣe é. Wọ́n ní àṣà ìlú ni ẹrú níní, yóò tán díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò tán an? Díẹ̀díẹ̀ kì í roko, kì í dájọ́.

Ẹni tí ó dojú kọ ọ̀rọ̀ náà ni James Johnson, tí a fún ní ìnagijẹ Johnson Mímọ́. Sàró ni a bí i sí. Ní 1877 ni C.M.S. fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ wọn lókè ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ó bá ìjọ tí ó ní ìtàn. Ó bá àwọn àgbà ìjọ tí egbò àbà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí: ẹrú tí ó wà nínú ilé yín ńkọ́? Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá. Ó tún ní kí wọ́n máa náwó sí ìjọ ara wọn, kí wọ́n yé wo ojú òyìnbó. Ó bá òwò ọtí líle wí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Kò rọrùn. Ẹrú ni agbára oko nígbà náà, ẹrú ni ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà, òun ni ó ń tẹ̀ lé olúwa rẹ̀ lọ sójú ogun. Ìyá oníṣòwò tí ó bá dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ọ̀la ni orogún rẹ̀ lọ́jà yóò ti gba oníbàárà rẹ̀. Ìgboyà tí ó tó fún ẹsẹ̀ nínú àbà kò tó fún ọwọ́ nínú àpò. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà, gbogbo ìlú ni ó ń wò ó, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ inú ìwé. Ẹni tí ó bá sọ ọrọ̀ rẹ̀ nù nítorí ọmọ ẹrú kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ta ni yóò kọ orin fún un? Ó dà bí ẹni pé èyí ni ó le jù lọ nínú bíbá Ọlọ́run rìn: kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀tá bá yọ idà, bí kò ṣe ọjọ́ tí kò sí ọ̀tá kankan, tí ó ku ìwọ àti èrè rẹ.

Ní 1880 wọ́n mú Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn pọ̀. Wọ́n ní ó le jù, wọ́n ní ó ń béèrè owó jù, wọ́n ní kò mọ bí a ti ń fi sùúrù bá ènìyàn lò. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni mímọ́ kì í sábàá rọrùn láti bá gbé ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà yìí ni ìpàdé C.M.S. ní Èkó fi òfin dè é pé òṣìṣẹ́ ìjọ kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Wọ́n mú ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwà wa nìyẹn títí di òní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ti ń ka èyí. Wọn yóò ní: ayé ẹrú ti kọjá, kí ni ó kàn wá? Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní ọ̀rọ̀ baba, kí á kan ọ̀rọ̀ ọmọ.

Gbogbo wa tí a ń ka ìwé yìí ni a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Mírákù Sẹ́ńtà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ilé ìwé tí a ti ń san owó, tí a ó sì gbé ìdáhùn wá fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, òun ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: ibùdó iṣẹ́ ìyanu. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun tí Olúwa ṣe fún adẹ́tẹ̀ àti afọ́jú ni a gbé fún ilé èrú, kò sì sí ẹni tí ó bú sẹ́kún. Ọmọ onígbàgbọ́ ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Abọ̀rìṣà kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ náà.

N kò wí èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ní ilé ìwé kan tí n kò ní í dárúkọ, a dá owó jọ. Ní ọjọ́ ìṣirò, ẹnìkan wọlé, ó kọ ìdáhùn sí ojú pátákó, ó ní kí á ṣe kíá. Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Kí a tó wọlé ní òwúrọ̀ náà, a ti di ọwọ́ ara wa mú, a ti gbàdúrà, èmi ni mo sì ṣe àmín tí ó lọ sókè jù. Nígbà tí èsì jáde, àwọn òbí mi rán aṣọ, a sì lọ ṣe ìdúpẹ́. A jó dé iwájú pẹpẹ. Mo fi ẹnu mi sọ pé Ọlọ́run ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ kí ìyá àgbà mi. Aláró ni, Ìtòkú ni ó ti ń ta adìrẹ, èékánná rẹ̀ kò funfun rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Àkànní, mo gbọ́ pé o yege."

Mo ní, "Ọlọ́run ni, Ìyá Àgbà."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ni. Ìwọ ńkọ́?"

Ìbéèrè lásán ni ó bi mí. Ohun tí ó fẹ́ gbọ́ ni bóyá mo ṣiṣẹ́ kára, kí ó lè fún mi lówó. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó rò pé ìtìjú ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì fún mi lówó náà. Mo gbà á. Ẹ rí i pé Agbà-má-gbọ́ tí mo ń sọ láti òkè, n kò ní láti rìn jìnnà kí n tó rí i.

Ẹnikẹ́ni kò mú mi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé máàkì mi ní ìdánwò ìwọlé kò tó, mo sì dúró sílé fún ọdún kan, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe níbòmíràn, ní ibi tí kò ti sí pátákó. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà ni ó mú mi tún ìṣirò ṣe, máàkì ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fi dúró sílé yẹn, mo máa ń bá ìyá àgbà mi ṣe aró, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun kan. Bí a bá ri aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀kan, tí a fà á jáde, yóò jọ ojú sánmà, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti tó. Ìyá àgbà mi kì í ta irú rẹ̀. A ó sá a, a ó tún rì í, a ó tún sá a, títí yóò fi dúdú. Mo wá ronú nípa ìrìbọmi mi. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí a ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìjọ kò sì gbà kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ó ti ń rì mí láti ọjọ́ náà? Omi ni a ò gbọdọ̀ tún. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí omi náà ni ó yẹ kí a máa rì bọ lójoojúmọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín, ka ìwé yìí kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó ní mo ti ṣìnà. Ó ní oore-ọ̀fẹ́ ni a fi ń gbani là, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ó ní mo fẹ́ kí ènìyàn fi ìwà rere ra ọ̀run. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ó mọ ìwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí baba bá fún ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní apá Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí Odẹ́dá níbẹ̀, tí ọmọ náà jókòó sí ìdí igi, tí ó ní nígbà tí òun kò san owó ilẹ̀, òun kò ní í roko, ṣé ó ti mọyì ẹ̀bùn náà? Èmi kò sọ pé kí á san owó ilẹ̀. Mo ní kí á roko. Ẹni tí ó bá sì ń jí iṣu ẹlòmíràn wú kiri nígbà tí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ baba rẹ̀ ń hu igbó, ẹ̀bùn baba rẹ̀ gan-an ni ó ń tàbùkù.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa yóò ti ọ̀nà òdìkejì wá. Wọn yóò ní wàhálà wa kò ju pé a gba ẹ̀sìn àjèjì lọ. N kò ní í bá wọn jà, nítorí ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tí ó ń dójú tì mí. Ìlú Ògbóni ni Abẹ́òkúta. Àwọn baba wa mọ ohun tí ìmùlẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, wọ́n sì gbà á gbọ́, àní wọ́n gbọ́ràn sí i. Ẹ lọ sí kóòtù èyíkéyìí kí ẹ jókòó sẹ́yìn. A gbé Bíbélì fún ẹlẹ́rìí kan, ó búra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ irọ́ bí ẹni rọ ọkọ́. A gbé irin Ògún fún èkejì, ó kọ́kọ́ wo irin náà, ó gbé itọ́ mì. Kí ló dé? Wọ́n ní Ògún kì í dárí jini, Jésù ń dárí jini. Èyí ni pé nítorí Ọlọ́run wa ṣàánú ni a fi ń fi orúkọ Rẹ̀ ṣe àgbálẹ̀! Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jẹ́ onínú rere, ṣé òun ni ó yẹ kí o máa dà? N kò fẹ́ kí á padà sídìí irin. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó di Bíbélì mú wúwo tó ọ̀rọ̀ ẹni tí ó di irin mú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fi ikú dẹ́rù bà á. Bí ìfẹ́ kò bá lè ṣe ohun tí ẹ̀rù ń ṣe, kí ni a fi ń pè é ní ìfẹ́?

Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọsìn ti lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri, ìṣọ́ òru ń bẹ fún àṣeyọrí, a ó ya kálámù sí mímọ́, a ó da òróró sí i. N kò lòdì sí ìṣọ́ òru. Mo máa ń lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀, pé nínú àwọn kálámù tí a ó gbé sókè ní òru náà, àwọn kan wà tí olówó wọn ti san owó ẹ́sípò tán. Mo dá àbá kan níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tí mo wà: kí á tó gbàdúrà kankan lóru ọjọ́ náà, kí a pa iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a gbé apẹ̀rẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ó bá ní ìwé èrú lọ́wọ́ jù ú síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má béèrè orúkọ, kí a sun ún, lẹ́yìn náà kí á wá gbàdúrà. Wọ́n dìbò. Ẹni mẹ́rin fara mọ́ ọn, ẹni mọ́kànlá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní yóò lé èrò sá. Alága ní kí á máa fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mẹ́fà ni a wà nínú ìgbìmọ̀ náà, mo sì ka ọwọ́ tí ó lọ sókè: tèmi nìkan ni mo rí.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó ní Ọjọ́rú. Mo ti tún àbá náà kọ. Mo sì ti rí ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má gba àyà yín mú: ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìlú tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ oníwàásù títí ogun 1892 fi ṣí i.